Mo Tọ́ Wisikí Wò fún Wọn, Imú Mi Sì Ti Kú

Imú mi ti kú. Ó ti di oṣù mẹ́wàá tí n kò gbóòórùn ohunkóhun mọ́, ìbáà ṣe ẹja gbígbẹ, ìbáà ṣe ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ìbáà ṣe aṣọ tó ń jóná lábẹ́ áyọ́ọ̀nù ọwọ́ èmi fúnra mi. Ẹni méjì péré ló mọ̀ ní gbogbo Ìbàdàn, ìyàwó mi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí ni ẹ ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó bú mi. Bí ẹ bá bú mi tán, ẹ wá sọ ohun tí n ó ṣe fún mi, nítorí ẹrù yìí ti kọjá ohun tí èmi nìkan lè dá rù... ojú ọkùnrin kan ti lọ, wọ́n sì ti lé obìnrin kan kúrò nílé ọkọ rẹ̀ lórí ohun tí kò ṣe, èmi tí mo mọ òótọ́ ni mo jókòó tí mò ń rán ṣòkòtò.

Télọ̀ ni mí, ní Bẹẹrẹ. Orúkọ mi ò ṣe pàtàkì, orúkọ àwọn tí mo máa dá nínú ìwé yìí náà, mo ti pààrọ̀ wọn. Kí n tó kọ́ṣẹ́ aránṣọ, mo ṣe bọ́ì fún òyìnbó kan nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà rélùwéè bọ̀ wá sí Ìbàdàn. Òyìnbó yẹn ò níyàwó, kò bímọ, wisikí ni ó ní. Tí iṣẹ́ bá parí nírọ̀lẹ́, á jókòó síwájú àgọ́, èmi ni n ó ṣí ìgò fún un, kò sì ní mu ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, imú ni yóò kọ́kọ́ kì bọ inú ife. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sí imú tèmi náà, ó ní kí n sọ ohun tí mo gbọ́. Mo ní èéfín. Mo ní oyin. Mo ní ó ń rùn bí awọ bàtà tuntun. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òun ò rí irú imú báyìí rí... Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìyìn òyìnbó yẹn ló bà mí jẹ́, torí láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé Ọlọ́run dá imú tèmi lọ́tọ̀.

Nígbà tí mo dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, mo pàdé àwọn kan tí wọ́n fẹ́ràn wisikí bíi tèmi. A kì í ṣe ọ̀mùtí o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ọ̀mùtí ń wá ohun tó máa pa á, àwa ń wá ohun tó dára. A ò ju mẹ́fà lọ. Ilé Ẹ̀gbọ́n Láyíwọlá ní Bẹ́yẹrunkà la ti ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé, torí òun ló dàgbà jù, òun ló sì ní pálọ̀ tí àga pé sí. Oníṣòwò kòkó ni, ó ga, ó lawọ́, tó bá rẹ́rìn-ín gbogbo agboolé ló ń gbọ́. Tíṣà Dáníẹ́lì wà níbẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé ìjọ, òun ló ń kọ gbogbo ohun tí a bá sọ nípa ìgò kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú. Sùmọ́nù wà níbẹ̀, tó ń ta aṣọ ní Gbági, Mùsùlùmí tí kò fi ẹnu kan ọtí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n tó fẹ́ràn ìgò, tó fẹ́ràn bébà ara ìgò, tó sì máa ń gbóòórùn rẹ̀ bíi ti gbogbo wa. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọjọ́ tí àáfà rẹ̀ bá ká a mọ́, ẹnu rẹ̀ á wọhò. Á ní imú kì í mutí, ẹnu ló ń mu ún. Àwọn méjì yòókù ò fi bẹ́ẹ̀ kan ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni wọ́n máa ń fara mọ́.

Ẹ ò lè mọ adùn Sátidé wa. Ẹni tó bá ra ìgò tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ á gbé e wá lábẹ́ agbádá, kò ní tètè mú un jáde, á kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà gbogbo wa títí a ó fi bẹ̀ ẹ́. Àwòrán ara ìgò la fi ń pè wọ́n, torí kì í ṣe gbogbo wa ló lè ka èdè òyìnbó. Oníkọ́kọ́rọ́ wà, èyí tó máa ń rọra gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá. Olókè-Mẹ́ta wà, èéfín ni látòkèdélẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á ní wọ́n yan ẹja sínú rẹ̀. Ẹlẹ́yẹ wà, tí mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má rà mọ́ torí ó ti ń burú láti ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ ìdérí rẹ̀, òótọ́ sì ni. A ó máa jiyàn, a ó máa sọ ibi tí a ti rí i, ṣọ́ọ̀bù wo ló ń gbé ìgò sínú oòrùn, ta ló ń bọ̀ láti Èkó tó lè bá wa mú méjì bọ̀. Kí a tó tú ká, a ó ti mọ èyí tó kàn tí a máa wá rà.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti so mọ́ mi lọ́rùn. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ẹni tó bá gbé ọtí fún àlejò, òun ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú àlejò, kí ọkàn onítọ̀hún lè balẹ̀ pé kò sí májèlé níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà làwa ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ni ìgò á tọ́ ọ wò, àwa á wá mu. Nígbà tó yá, Ẹ̀gbọ́n Láyíwọlá ní kí ló dé tí a ní ẹni tí òyìnbó fẹnu ara rẹ̀ yìn láàárín wa, tí a sì ń jẹ́ kí àwọn tí kò mọ nǹkan kan máa ṣíwájú rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ìgò tí wọ́n máa ṣí ní pálọ̀ òun tí kì í ṣe èmi ni n ó kọ́kọ́ fẹnu kàn án. Wọ́n sọ mí ní Ahọ́n Ẹgbẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí oyè ṣe ń gun ọkùnrin, ẹ ó mọ bó ti rí lára mi. Títọ́ wò tó dà bí ìbúra yìí, a gbà á lẹ́nu ẹni tó ni nǹkan, a gbé e lé ẹni tí kò ni ín lọ́wọ́, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó ro ibi tó lè já sí.

Ní ọyẹ́ tó kọjá, òtútù dá mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ikọ́, ibà, orí fífọ́. Ìgbà tí mo dìde, mo bi ìyàwó mi pé kí ló dé tí kì í fi irú sọ́bẹ̀ mọ́. Ó ní irú wà níbẹ̀. Mo ní kò sí níbẹ̀. Iyọ̀ wà, ata wà, mo mọ̀ pé ó ta mí, ṣùgbọ́n irú ò sí, ẹja ò sí, àfi bí ẹni ń mu omi gbígbóná tí wọ́n po ata mọ́. A jà lórí irú fún odindi ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún ó fìbínú gbé ìkòkò irú látinú ilé, ó gbé e sí mi nímú, ó ní kí n wá sọ pé kò sí níbẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Inú rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀, ó gbé ìkòkò sílẹ̀, àwa méjèèjì kàn ń wo ara wa. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo jó ṣòkòtò kákí akódà kan, mo gbé áyọ́ọ̀nù lé e, mo kọjú sí ibòmíràn, mò ń kọrin ìyìn, èéfín gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ń kọjá ní Bẹẹrẹ ló pariwo sí mi.

Ṣé mo sọ fún ẹgbẹ́? Mi ò sọ. Mo ní yóò padà bọ̀ sípò. Ìyàwó mi ní kí n sọ, mo ní kó gbọ́ ti ìkòkò rẹ̀. Ẹ ò mọ bí irọ́ yìí ṣe rọrùn tó... Àwọn ìgò àtijọ́, mo ti mọ̀ wọ́n lórí, ohun tí mo sọ lọ́jọ́ kìíní ni mò ń tún sọ. Bó bá jẹ́ tuntun, n ó gbé ife sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, n ó fa imú gùn, n ó dijú, n ó ní oyin wà níbẹ̀, n ó ní èéfín díẹ̀ wà nígbẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó sọ rí pé òun ò rí oyin yẹn. Tí Ahọ́n Ẹgbẹ́ bá ti sọ̀rọ̀, ta ló máa jẹ́wọ́ pé ahọ́n tòun ò mọ adùn? Sùmọ́nù nìkan ló máa ń wò mí nígbà míì. Á gbóòórùn ìgò, á wò mí, á tún gbóòórùn rẹ̀, á dé ìgò padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ẹni tí kì í mutí ju gbogbo àwọn tó ń mu ún lọ.

Oṣù ààwẹ̀ dé, Sùmọ́nù dágbére fún wa bó ti máa ń ṣe lọ́dọọdún, inú mi sì dùn, kí n má purọ́. Sátidé kejì nínú ààwẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n Láyíwọlá gbé ìgò kan jáde tí a ò rí irú rẹ̀ rí. Àwòrán agbòjò wà lára rẹ̀, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ la ti sọ ọ́ ní Alágbòjò. Lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kiri lẹ́bàá rélùwéè ló ti rà á, ìgò mẹ́fà, ọkùnrin náà sì ti bá ọkọ̀ lọ. Inú ẹ̀gbọ́n ń dùn bíi ti ọmọdé, pé òun lòun kọ́kọ́ rí Alágbòjò ní gbogbo Ìbàdàn. Ó bu díẹ̀ sínú ife, ó gbé e fún mi, ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi, ó ń wo ẹnu mi. Mo gbé e sí imú, òfo. Mo gbé e sí ẹnu, ó jó mi lọ́nà kan tí kò jọ ti wisikí, ó mú, ó gbẹ, ahọ́n mi fẹ́ kú. Nǹkan kan nínú mi ní kí n dúró. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí pé mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe ní ó burú? Bí wọ́n bá bi mí pé kí ló ń rùn nínú rẹ̀ ńkọ́? Kí ni n ó sọ? Ẹ̀gbọ́n ti na ọrùn síwájú, Tíṣà ti gbé kálàmù dání, gbogbo wọn ń retí mi... Mo ní oyin ni. Mo ní èéfín díẹ̀ wà nígbẹ̀yìn.

Tíṣà kọ ọ́ sílẹ̀. Òun náà tọ́ díẹ̀ wò, ó fajú ro, ó wò mí, ó ní òótọ́ ni, oyin náà wà nísàlẹ̀. Àwọn méjì tó máa ń gbà náà gbà. Díẹ̀ díẹ̀ la mu lọ́jọ́ náà, orí fọ́ Tíṣà fún ọjọ́ méjì, inú run èmi, a ní ooru ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n tó ti gbọ́ lẹ́nu mi pé ojúlówó lòun rà, lọ́jọ́ kejì tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó jẹun tán, ó jókòó ti ìgò náà, ó mu ún bí ẹni tó ń ṣàjọyọ̀. Lọ́jọ́ Ajé ó ń bì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó jí, ó ń bi ará ilé pé ṣé ọyẹ́ ti tún dé ni, tí kùrukùru fi gba inú yàrá. Kò sí ọyẹ́. Oòrùn ti là, fèrèsé sì ṣí sílẹ̀.

Ojú ẹ̀gbọ́n ò padà bọ̀ sípò. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí òjìji ènìyàn, kò rí ojú ènìyàn. Ta ni wọ́n máa dá lẹ́bi? Kò sẹ́ni tó ronú kan ìgò. Báwo ni wọ́n ṣe máa ronú kàn án, nígbà tí gbogbo ayé mọ̀ pé mo ti tọ́ ọ wò? Wọ́n béèrè ẹni tó se oúnjẹ Sọ́ńdè, wọ́n ní Àbẹ̀kẹ́ ni, ìyàwó kékeré. Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Àwọn àgbà agboolé jókòó, wọ́n ní ó fi nǹkan sọ́bẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ó sunkún, ó búra, ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀ padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Mọ́lété, ṣùgbọ́n kó má mú ọmọ rẹ̀ lọ, torí ọmọ ilé ni. Ọmọbìnrin yẹn ò tíì pé ọdún márùn-ún. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo wá kí ẹ̀gbọ́n. Ọmọ náà sáré tẹ̀lé ìyá rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ìyáálé mú un lápá, ó fà á padà, èmi sì yẹra sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kí wọ́n lè ráyè kọjá.

Ìgbà yẹn mi ò tíì mọ̀. Àbí mo ti mọ̀? Mo ti bi ara mi títí ó sú mi. Mo rántí bí ọtí yẹn ṣe jó mi lẹ́nu, mo rántí inú tó run mí, mo sì rántí pé mo lé èrò náà lọ bí ẹni lé adìyẹ.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, èmi àti Sùmọ́nù jọ lọ kí ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ fi ara rẹ̀ hàn bí ọkùnrin, ó ní kí wọ́n gbé Alágbòjò wá kí Sùmọ́nù wá gbóòórùn ohun tó pàdánù. Sùmọ́nù ṣí i, ó gbé e sí imú, ó dé e padà. Ó ṣàdúrà ìlera fún ẹ̀gbọ́n, a jọ jáde, a gba ọ̀nà Ọjà'ba sọ̀kalẹ̀, oníkálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ìgò kékeré kan tó fi aṣọ dì, ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e bọ̀ láti Èkó ni, kí n wò ó bóyá ó tó nǹkan tí ẹgbẹ́ lè rà. Àwọn oníbàárà jókòó, n kò lè fi ẹnu kàn án, mo kàn gbé e sí imú. Mo dijú. Mo ní oyin ni, mo ní èéfín díẹ̀ wà nígbẹ̀yìn. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó tẹ ìdérí mọ́ ọn dáadáa, ó tẹ̀ba kí àwọn oníbàárà má baà gbọ́.

"Epo àtùpà ni," ló wí. "Láti ìgbà wo?"

Mo rò pé ilẹ̀ máa lanu gbé mi mì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn aṣọ tí mo sá, òun náà sì sọ tirẹ̀ fún mi. Ó ní ohun tó wà nínú Alágbòjò, òun mọ òórùn rẹ̀ bí òun ṣe mọ òórùn aṣọ, torí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòun ní Gbági. Ọtí tí wọ́n fi ń pa àga kó lè máa dán ni, wọ́n yan ṣúgà jóná sí i kó lè pọ́n. Ó ní ọkùnrin kan tó ń bá káfíńtà náà ṣiṣẹ́ jí i mu lọ́jọ́ kan, láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fọwọ́ mú un rìn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnì kan. Kò bínú, ì bá sàn kó bínú.

"Ẹnu tìrẹ lo fi tọ́ ọ wò," ló sọ fún mi. "Ẹnu tìrẹ náà ni wàá fi sọ ọ́."

Lọ́jọ́ náà gan-an mo sáré lọ sí Bẹ́yẹrunkà, mo parọ́ míì. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n pé ọtí ò dára fún ojú tó ń ṣàìsàn, kó jẹ́ kí n bá a tọ́jú Alágbòjò tó kù. Ó gbà. Mo kó wọn dé etí odò Ògùnpa, mo da gbogbo rẹ̀ nù, mo fọ́ àwọn ìgò. Nítorí náà ẹ fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó tún máa mu ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rò pé inú àpótí mi ni wọ́n wà títí di òní. Ó ní kí n má gbé wọn síbi ooru. Ó ní ọjọ́ tí ojú òun bá là, èmi ni n ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, òun á wá tẹ̀lé mi.

Kí n tó gbàgbé... irọ́ ni, kò sí bí mo ṣe lè gbàgbé rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Àbẹ̀kẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti rù, aṣọ ọrùn rẹ̀ ti di méjì ara rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, mo ní kó dìde, kò dìde. Ó ní òun mọ̀ pé ọkọ òun máa ń gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ ju ti gbogbo ará ilé lọ. Kò ní kí n bẹ̀ ẹ́ kó gba òun padà, kò ní kí n gba ọmọ fún òun. Ohun kan ṣoṣo ló ní kí n bá òun sọ.

"Ẹ bá mi sọ fún bàbá," ló wí, "pé mo tọ́ ọbẹ̀ yẹn wò kí n tó gbé e síwájú wọn. Kò sígbà tí n kì í tọ́ ọ wò."

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka ìwé yìí, mi ò mọ ohun tí mo dá a lóhùn. Mo rò pé mo ní mo gbọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ orúnkún rẹ̀ nù, ó sì ń lọ. Mo padà sídìí ẹ̀rọ, mo rán apá ẹ̀wù mọ́ ibi ọrùn, mo tú u, mo tún rán an mọ́ ibẹ̀. Òun tó jẹ́ pé ọbẹ̀ lásán ló sè, ó tọ́ ọ wò lóòótọ́. Èmi tí wọ́n fi joyè nítorí títọ́ wò, ẹnu òfo ni mo fi kan ife.

Ìyàwó mi ò bá mi jẹun pọ̀ mọ́. Ó ní bí òun bá ń wo ọwọ́ mi nínú àwo, ọmọ Àbẹ̀kẹ́ ni òun ń rí. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí rèé, kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe agídí lásán: bí mo bá sọ ọ́, ta ló máa gbà pé imú ló kú? Wọ́n á ní mo mọ̀, wọ́n á ní mo tu tèmi dà nù, mo jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mu tirẹ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ ò ní fọwọ́ kékeré mú mi, akódà pọ̀ láàárín wọn. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n gbà mí gbọ́, n ó di ẹni tí ọmọdé Bẹẹrẹ á máa fi kọrin. Bí mi ò bá sọ ọ́ ńkọ́? Àwọn àgbà agboolé ti ní bí oṣù tó ń bọ̀ bá parí, àwọn máa lọ sí kóòtù láti tú ìgbéyàwó náà ká. Lọ́jọ́ tí kóòtù bá ti tú u, orúkọ tí wọ́n sọ Àbẹ̀kẹ́ ti di tirẹ̀ títí láé nìyẹn, ọmọ yẹn á sì dàgbà, wọ́n á máa sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ló fọ́ bàbá rẹ̀ lójú. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ máa bá a. Àbẹ̀kẹ́ ò ní ogún ọdún tó lè fi dúró dè é.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi lọ bá ẹ̀gbọ́n jókòó kí n sọ ọ́ wẹ́rẹ́. Mo ti lọ. Ìgbà mẹ́ta ni mo ti lọ. Sátidé ni mo máa ń lọ, torí ẹgbẹ́ ti túká, ìjọ ti gbé Tíṣà lọ sí Ìsẹ́yìn, ó sì fi ìwé ẹlẹ́yìn dúdú sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ò lè kàwé mọ́, èmi ni mò ń kà fún un. Tí mo bá jókòó báyìí, á na ọwọ́, á wá èjìká mi rí, á gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní mo ti ṣe ahọ́n fún òun, mo wá ń ṣe ojú fún òun. Ní Sátidé tó kọjá ó ní kí n ṣí ìwé dúdú sí ibi Alágbòjò kí n kà á. Mo kà á. Oyin, èéfín díẹ̀ nígbẹ̀yìn, bí Tíṣà ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó mi orí, ó ní òun ṣì ń rántí adùn rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn, kò sí adùn kankan níbẹ̀! Ó ń rántí ohun tí mo sọ. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin kékeré yẹn wọlé, ó gbé omi wá fún bàbá rẹ̀, ó sì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kó tó gbé e fún un, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Mo pa ẹnu mi dé.

Ìdí tí mo fi wá kọ̀wé sí yín nìyí, kì í ṣe nítorí pé kò sí ìwé ìròyìn míì ní Ìbàdàn. Ìwé ìròyìn yìí gan-an ni mò ń kà fún ẹ̀gbọ́n ní gbogbo Sátidé. Láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn ni, kì í gbà kí n fo nǹkan kan, títí kan ìpolówó ọṣẹ àti àkókò rélùwéè. Ibi lẹ́tà àwọn ènìyàn ló fẹ́ràn jù, á máa dá wọn lóhùn bí ẹni pé wọ́n wà ní pálọ̀, á sọ pé eléyìí gọ̀, á sọ pé tọ̀hún kí wọ́n ràn án lọ́wọ́. Bí olóòtú bá gbà láti tẹ èyí, ọwọ́ mi ni yóò wà ní Sátidé, èmi nìkan ni yóò sì rí i. Mo lè ka àwọn lẹ́tà yòókù, kí n ṣí ojú ewé yìí kọjá, ìró bébà nìkan ni yóò gbọ́. Tàbí kí n bẹ̀rẹ̀ láti òkè, kí n sọ pé imú mi ti kú, kí n máa kà á lọ, títí n ó fi dé ibi Alágbòjò...

Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi dá sí i kí Sátidé tó dé. Ọmọ yẹn á wà ní ẹnu ọ̀nà, bàbá rẹ̀ á ti fa àga súnmọ́ mi, á ti na ọrùn síwájú, á máa retí ẹnu mi bó ti ṣe lọ́jọ́ kìíní. Ṣé kí n kà á fún un, àbí kí n ṣí ojú ewé kọjá?